Alẹ́ ìràwọ̀ ní Kétu: ìtàn ni kẹ́ ẹ sanwó fún, kì í ṣe awò

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bèèrè bóyá alẹ́ ìràwọ̀ tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn ìlú ní Kétu, lọ́nà Ìlárá, tó 1 000 fránkì tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àgbà (500 ni tọmọdé), ó tó o, àmọ́ kì í ṣe torí ohun tẹ́ ẹ rò. Tó bá jẹ́ pé kẹ́ ẹ lè fojú kan ìràwọ̀ nínú awò gbọọrọ yẹn lẹ ṣe fẹ́ lọ, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, kékeré ni awò náà, ẹsẹ̀ ẹ̀ ń gbọ̀n, ọmọ kan ò ní tíì fara kàn án tán tí ohun tẹ́ ẹ ń wò á ti sá lọ, tọ́ńtọ̀n tó ń darí ètò náà á tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri, bẹ́ẹ̀ èrò ti tò sẹ́yìn yín. A rí òṣùpá, ó dáa. A rí Júpítà àtàwọn òṣùpá ẹ̀ mẹ́rin. Ìyẹn náà ni. Ohun tó jẹ́ kówó mi má dùn mí ni ìtàn tó sọ kó tó gbé awò jáde, ìtàn Jocelyn Bell Burnell, obìnrin ọmọ Àríwá Ireland tó rí irú ìràwọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni ò rí rí.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ rojọ́ tán ná. Aago méje ààbọ̀ ni wọ́n kọ sínú ìkéde, aago mẹ́sàn-án ti ń lọ lù kí tọ́ńtọ̀n tó gbé míkíró. Àga ò tó, ẹní la jókòó lé. Gúrúpù tó ń fún wọn níná ń pariwo létí wa, wọ́n sì tan gílóòbù kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ awò náà gan-an, ta ló ń tanná síbi tí wọ́n ti fẹ́ wo ìràwọ̀ jọ̀ọ́? Faransé ló tún fi bẹ̀rẹ̀, Faransé ilé ìwé ńlá, torí pùrófù PCT (fisíìkì, kẹ́mísírì àti tẹkinọ́lọ́jì) ni kó tó fẹ̀yìn tì, títí ìyá àgbà kan fi pariwo láti ẹ̀yìn pé "ọmọ mi, bá wa sọ Yorùbá jàre, a ò wá ṣe ìdánwò bak níbí." Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó yí èdè padà, àtìgbà yẹn lalẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn.

Ọdún 1943 ni wọ́n bí Màmá Jocelyn (bó ṣe ń pè wọ́n nìyẹn) ní ìlú Lurgan ní Àríwá Ireland. Bàbá wọn máa ń yàwòrán ilé, ó sì wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí ilé ìwòràwọ̀ tó wà ní Armagh. Nígbà tọ́mọ náà wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ọjọ́ kan ni wọ́n pín kíláàsì sí méjì, àwọn ọkùnrin kọjá sí yàrá sáyẹ́ǹsì, wọ́n ní káwọn obìnrin lọ kọ́ oúnjẹ sísè. Àwọn òbí ẹ̀ ò gbà, wọ́n lọ jà fún un, wọ́n sì gbà á láyè. Ó tún fìdí rẹmi nínú ìdánwò tí wọ́n ń ṣe ní nǹkan bí ọmọ ọdún 11 níbẹ̀, wọ́n gbé e lọ sílé ìwé àwọn obìnrin ní York, ibẹ̀ ló ti pàdé olùkọ́ fisíìkì tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣàlàyé. Nígbà tó dé yunifásítì Glasgow, òun nìkan lobìnrin nínú kíláàsì fisíìkì ẹ̀, tó bá ti ń wọlé àwọn ọkùnrin á máa jan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á máa súfèé, wọ́n á máa gbá tábìlì, ó wá kọ́ bí èèyàn ṣe ń kó ojú dúró. 1965 ló gboyè níbẹ̀.

Ọmọ àbúrò mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí ẹní nígbà tí tọ́ńtọ̀n ń sọ ìyẹn. Ẹnì kan nínú ilé wa ti ń yọ ọ́ lẹ́nu pé séríì A (ti lítíréṣọ̀) ló bá obìnrin mu nílé ìwé, kó fi C (ti ìṣirò àti fisíìkì) sílẹ̀ fáwọn ọkùnrin, mi ò ní dárúkọ ẹni náà, ó mọ ara ẹ̀, ó sì máa ka èyí. Ọmọ náà kàn wò mí, ó ní "Tàńtí, ẹ gbọ́ ṣá?" Mo gbọ́ o.

Ibi tí ìtàn náà ti dùn jù ni Cambridge, yunifásítì tí Jocelyn lọ lẹ́yìn Glasgow, tọ́ńtọ̀n náà mọ̀, ibẹ̀ ló sì lo àkókò sí jù. Èmi ti rò pé awò ńlá kan ni wọ́n ń yọjú sí, àṣé wáyà ni, wáyà àti òpó lórí pápá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó hẹ́kítà méjì. Ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ ìró rédíò tó ń ti ojú ọ̀run bọ̀ ni, òun àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiẹ̀ ló fọwọ́ ara wọn kọ́ ọ fún ọdún méjì, òpó tó lé ní 1 000, wáyà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 190 kìlómítà. Jocelyn fúnra ẹ̀ ń fi òòlù ńlá gbá òpó wọlẹ̀. Oṣù keje ọdún 1967 ni nǹkan náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò sì sí kọ̀ǹpútà tó ń bá a ka ohunkóhun, bírò ló ń fa ìlà sórí bébà tó ń yí jáde, nǹkan bí 30 mítà bébà lójúmọ́ kan, ojú ara ẹ̀ ló sì fi ń yẹ gbogbo ẹ̀ wò.

Níbi tó dé yìí, tọ́ńtọ̀n fa bébà jáde lóòótọ́, àwọn róòlù bébà tí wọ́n fi ń ṣe rìsíìtì, ó ti fi bírò fa ìlà wótòwótò sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó tẹ́ ẹ láàárín wa láti orí ẹní kan dé èkejì, ó ní káwọn ọmọ wá ibi kan tí ìlà náà ti yàtọ̀. Ariwo sọ. Àwọn ọmọ dojú bolẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì fóònù, àwa àgbà náà sì kúkú dara pọ̀ mọ́ wọn, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ó ṣòro, ojú á kọ́kọ́ rò pé òun ti rí i. Ọmọ ìyá alákàrà ló rí i nígbẹ̀yìn, ibi tíńtín kan. Tọ́ńtọ̀n wá sọ fún wa pé ti Màmá Jocelyn, nínú nǹkan bí 120 mítà bébà, ohun tó rí ò ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ. Oṣù kẹjọ ló ṣàkíyèsí i. Ẹlòmíì á ní ìdọ̀tí ni, á gbójú kúrò.

Kí ló wá jẹ́ kó mọ̀ pé kì í ṣe mọ́tò ẹnì kan ló ń kọjá tó ń da rédíò láàmú? Èyí ló wọ̀ mí lára jù, torí mi ò gbọ́ ọ rí. Ìràwọ̀ tó bá yọ ní aago mẹ́jọ lálẹ́ òní, aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́rin ló máa yọ lọ́la, bó ṣe ń yá sí i lójoojúmọ́ nìyẹn, àmọ́ aago la máa ń tẹ̀ lé ní tiwa, ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ ní aago méje, aago méje náà ló máa lọ lọ́la. Ohun tí Jocelyn rí lórí bébà yẹn, bí ìràwọ̀ ṣe ń rìn ló ń rìn. Ìyẹn ni pé kò ti ọ̀dọ̀ èèyàn wá. Ní ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá, ó mú kí bébà náà sáré sí i kó lè rí i dáadáa, ó sì rí i pé ńṣe ló ń lù, ó ń lù, láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan àti ìdá kan nínú mẹ́ta, kì í yẹ̀. Tọ́ńtọ̀n ti ìró ẹ̀ sínú ẹ̀rọ ohùn, tọ̀, tọ̀, tọ̀, ó ní ká máa pàtẹ́wọ́ tẹ̀ lé e, ẹ̀yin èèyàn mi, Kétu pàtẹ́wọ́ fún ìràwọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Wọ́n tiẹ̀ fi ṣàwàdà lọ́hùn-ún pé àwọn èèyàn kéékèèké aláwọ̀ ewé ló ń pè wọ́n láti ayé míì, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ LGM-1 (Little Green Men ni LGM yẹn lédè Gẹ̀ẹ́sì). Àfìgbà tí Jocelyn rí ìkejì níbòmíì lójú ọ̀run kí Kérésì tó dé, nínú òtútù tí ẹ̀rọ náà ò fẹ́ ṣiṣẹ́, tó ń fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i, tó ń bú u, tó fi gbà fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Kò lè jẹ́ pé ayé méjì ló ń pè wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Oṣù kejì ọdún 1968 ni ìròyìn ẹ̀ jáde, pulsar ni wọ́n wá ń pè é: ìràwọ̀ ńlá tó ti kú, tí inú ẹ̀ wó lu ara wọn títí kò fi ju nǹkan bí 20 kìlómítà lọ láti etí dé etí, síbẹ̀ tó wúwo ju oòrùn lọ, tó ń yí bírí. Tọ́ńtọ̀n so tọ́ọ̀ṣì mọ́ okùn, ó ń fì í yípo nínú òkùnkùn (wọ́n rántí pa gílóòbù wàyí!), ìgbàkigbà tó bá kọjú sí wa là ń rí i, bí ìró pulsar náà ṣe ń kàn wá nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́fà á yé e.

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ó ní ní 1974 wọ́n fún ọ̀gá Jocelyn ní Cambridge, Antony Hewish, àti Martin Ryle, onímọ̀ ìràwọ̀ bíi tiẹ̀, ní ẹ̀bùn Nobel, Jocelyn ò sí níbẹ̀, "wọ́n jí i gbé ni!" Ìyá àgbà tó ní ká sọ Yorùbá yẹn kàn mi orí, wọ́n ní àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá ẹ̀ ni. Ó bá a mu gan-an. Àmọ́ èmi ò fẹ́ràn kí wọ́n máa pariwo olè, torí Màmá Jocelyn fúnra wọn ò pè é bẹ́ẹ̀, wọ́n ti sọ ọ́ ní 1977 pé kò yẹ kí wọ́n máa fún akẹ́kọ̀ọ́ ní Nobel àfi nígbà tó bá ṣàrà ọ̀tọ̀ gan-an. Mi ò ní gbèjà wọn ju bí àwọn fúnra wọn ṣe gbèjà ara wọn lọ. Ohun tó bí mi nínú ju ẹ̀bùn lọ làwọn akọ̀ròyìn tó jẹ́ pé ọ̀gá ẹ̀ ni wọ́n ń bi ní ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì, tí wọ́n wá ń bi òun pé ọ̀rẹ́kùnrin mélòó ló ní.

Àwọn ọdún tí Jocelyn fi ń tẹ̀ lé iṣẹ́ ọkọ kiri ńkọ́, tó bímọ, tó ń fi ìdajì àkókò ṣiṣẹ́, Southampton, London, Edinburgh? Gbólóhùn kan ni tọ́ńtọ̀n fi kọjá! Àwa obìnrin tá a wà níbẹ̀, ibẹ̀ gan-an la fẹ́ gbọ́. Mo bi í, ó ní àkókò ti lọ. Ta ló pẹ́ dé? Ó ṣáà sọ pé Màmá Jocelyn di pùròfẹ́sọ̀ ní Open University ní 1991, pé wọ́n jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2002, àti pé ní 2018 wọ́n fún wọn ní mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là, wọ́n sì kó gbogbo ẹ̀ kalẹ̀ káwọn akẹ́kọ̀ọ́ fisíìkì tí wọn ò rí àyè, obìnrin, ọmọ ẹ̀yà kéékèèké, àwọn tógun lé kúrò nílùú, lè fi kàwé. Ẹnì kan ṣírò ẹ̀ lẹ́yìn mi, ó ju mílíyáàdì kan ààbọ̀ fránkì lọ. "Gbogbo ẹ̀?" Gbogbo ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ gbé ẹní tiyín dání àti nǹkan ẹ̀fọn, ẹ fi súwẹ́tà wọ ọmọ nígbà ọyẹ́, ẹ má ra bísáàpù (zobo) wọn, ṣúgà ti pọ̀ jù. Ẹ bá zémì (ọlọ́kadà) tó gbé yín lọ sọ ọ́ kó padà wá gbé yín, torí ẹ ò ní rí kankan níbẹ̀ láago mọ́kànlá òru. Ẹ mú àwọn ọmọbìnrin yín lọ. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn, ìkarùn-ún wà lọ́wọ́ mi títí wọ́n á fi ra àga.