Èkó sí London: bàlúù tààrà àbí èyí tó ń yà lọ́nà?

Kẹ́ ẹ tó wo iye owó, ẹ wo ojú ọ̀nà ná. Àríwá Èkó gan-an ni London wà, bí 5,000 kìlómítà. Bàlúù tààrà ń lò tó wákàtí mẹ́fà àbọ̀. Èyí tó gba Casablanca kò yà púpọ̀, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ bí 5,300. Ti Istanbul tó 7,100. Ti Addis Ababa sún mọ́ 10,000, torí pé ìlà-oòrùn lẹ máa kọ́kọ́ kọjú sí. Ọ̀nà di ìlọ́po méjì, ẹsẹ̀ á sì wú.

Aago ìlú kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì. Láti òpin oṣù kẹta dé òpin oṣù kẹwàá, aago Èkó àti ti London dọ́gba. Nígbà òtútù, London fi wákàtí kan wà lẹ́yìn. Oúnjẹ àti àga ò yàtọ̀ débi tí ẹ ó fi tìtorí wọn yan ọ̀kan.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ yẹ̀ wò dáadáa ni bóyá tíkẹ́ẹ̀tì kan ni tàbí méjì. Mi ò mọ̀ nígbà tèmi. Oṣù kìíní ni. Mo ra Èkó sí ìlú kan lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan, mo ra ìlú náà sí London lọ́wọ́ òmíràn, torí ó dínwó. Wákàtí méjì àti ogún ìṣẹ́jú ló wà láàárín. Àárọ̀ ọjọ́ náà, ọyẹ́ bo gbogbo pápákọ̀ Èkó, bàlúù ò gbéra fún wákàtí mẹ́ta. Ká tó débẹ̀, ìkejì ti lọ. Àwọn ti ìkejì ní lójú tàwọn, mi ò wá ni, tíkẹ́ẹ̀tì mi ti jóná. Àwọn ti àkọ́kọ́ ní àwọn ti gbé mi dé ibi tí mo sanwó fún, òótọ́ sì ni. Ẹrù mi wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń wo físà, mi ò ní físà ìlú náà. Orí àga onírin ni èmi àti ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́rin sùn. Owó tí mo fi ra tíkẹ́ẹ̀tì tuntun tó ìlọ́po mẹ́ta èyí tí mo rò pé mo ṣẹ́ kù. Ọjọ́ kọkànlá lẹrù dé, inú rẹ̀ sì ni ẹ̀wù òtútù ọmọ wà.

Tó bá jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì kan ni, ilé iṣẹ́ náà ló máa wá bàlúù mìíràn fún yín. Ẹ wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹrù lÉkòó: bí kò bá sí LHR (àmì pápákọ̀ Heathrow ní London) tàbí LGW (ti Gatwick) níbẹ̀, ẹ má tíì kúrò nídìí káńtà.

Ẹni tó ń dá lọ, tẹ́rù rẹ̀ ò pọ̀, tó ní wákàtí mẹ́ta láàárín lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan, lè gba Casablanca, ó dáa. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìyá àgbà tó ń lọ wẹ ọmọ ni, tàbí ẹ gbé ọmọ dání, ẹ ní sùúrù kówó tààrà pé. Air Peace ti dara pọ̀ mọ́ British Airways àti Virgin Atlantic lójú ọ̀nà yìí láti oṣù kẹta 2024, ẹ wo iye tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń pè. Tààrà ni mo ń wọ̀ báyìí, kódà lóṣù keje tí kò sí ọyẹ́.