Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lórí oyún tó ń wálẹ̀: bí lábò kan ní Àjàṣẹ́ ṣe ṣe é fún mi

Fún fífa ẹ̀jẹ̀, mo fún wọn ní àmì tó dára. Fún bí wọ́n ṣe ń fún èèyàn lésì, rárá o.

Oyún mi ń wálẹ̀ léraléra ni dókítà fi ní kí n lọ ṣe àyẹ̀wò antiphospholipides. Àwọn ọmọ ogun ara tó yẹ kó máa bá àrùn jà ló máa ń yíjú sí ara ẹni, tí ẹ̀jẹ̀ á fi máa dì níbi tí kò yẹ. Àyẹ̀wò mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀: lupus anticoagulant, anticardiolipine àti anti-bêta-2-glycoprotéine I.

Ọwọ́ ọmọbìnrin tó fa ẹ̀jẹ̀ mi mọ́ṣẹ́. Kó tó ki abẹ́rẹ́ bọ̀ mí lára, ó bi mí bóyá mò ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, torí ó lè da èsì rú. Ó fa ẹ̀jẹ̀ kún ìgò olómorí búlúù dé ojú ìlà gan-an, ó rọra ń dojú ẹ̀ délẹ̀, kò mì ín. Ọkọ mi náà ṣe MAR test, èyí tó ń wò ó bóyá ọmọ ogun ara lẹ̀ mọ́ àtọ̀. (Ìyá ọkọ mi ò tíì gbọ́ títí dòní pé ọmọ òun náà ṣàyẹ̀wò.) Èsì ọkọ mi dáa.

Ẹni tó ń gbowó wá fẹ́ ta àyẹ̀wò NK (irú sẹ́ẹ̀lì kan tó wà lára àwọn ọmọ ogun ara) fún mi, owó ẹ̀ sì ga ju tàwọn yòókù lọ. Dókítà mi ní kí n má dá a lóhùn: NK inú ẹ̀jẹ̀ yàtọ̀ sí ti inú ilé ọmọ, ESHRE, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọ bíbí ní Yúróòpù, kò sì fọwọ́ sí i.

Nígbà tí èsì dé, ọkùnrin kan pariwo orúkọ mi, ó tún ka orúkọ àyẹ̀wò náà sétí gbogbo èrò tó jókòó. "Positif ni, madame." Ó parí. Kò sọ fún mi pé àìsàn bí ibà lè gbé e sókè fúngbà díẹ̀, pé ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 12 gbọ́dọ̀ kọjá ká tó tún un ṣe, kí wọ́n tó lè pè é ní àrùn. Ẹnu dókítà ni mo ti gbọ́ ọ. A tún un ṣe, kò sí níbẹ̀ mọ́.

Bí ẹ bá máa lọ, ẹ sọ fún wọn látìbẹ̀rẹ̀ pé kí wọ́n fi èsì ránṣẹ́ sí dókítà yín nínú àpòòwé tí wọ́n lẹ̀ pa. Wọ́n máa ń ṣe é, àmọ́ ẹ ní láti béèrè.