Garcia de Orta àbí Cristóvão da Costa: ìwé ta ni kí a kọ́kọ́ ṣí?

Garcia de Orta, dókítà ọmọ Potogí tó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Íńdíà ní 1534, tẹ ìwé rẹ̀ lórí egbòogi ibẹ̀ jáde ní Goa ní 1563. Ìtàkurọ̀sọ ni. Òun àti Ruano, dókítà tó fi ọkàn rò dá sílẹ̀, jọ ń jiyàn lórí káńfọ̀, ata ilẹ̀ àti kànáfùrù. Orta ní ká lóun wà ní Sípéènì ni, òun ò ní láyà láti tako Galen, dókítà Gíríìkì ayé àtijọ́ tí àwọn oníṣègùn ìgbà náà ń tẹ̀ lé. Ẹ wo bó ṣe ṣàpèjúwe ẹni tí àrùn onígbáméjì mú: ojú ti jìn wọnú, ara tutù, ìlùkìkì iṣan ò fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn mọ́. Ẹni tó dúró ti aláìsàn ló lè kọ irú èyí.

Ìwé da Costa, tí òun náà jẹ́ dókítà ọmọ Potogí, dá lórí egbòogi Íńdíà bákan náà; ó jáde lédè Sípáníìṣì ní ìlú Burgos ní Sípéènì ní 1578. Ọ̀dọ̀ Orta ló ti mú ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀, àmọ́ ó fi àwòrán ewéko sí i, èyí tí Orta kò ní.

Ẹni tó fẹ́ dá ewé mọ̀, kó mú ti da Costa. Èmi o, Orta ni mo fara mọ́ pátápátá.