Wọ́n gbé àwòrán mi kọ́ sára ògiri láìbéèrè lọ́wọ́ mi

Férémù ló mú mi kọ èyí. Férémù onígi, gíláàsì iwájú rẹ̀ ń dán, wọ́n gbé e kọ́ síbi tí gbogbo àlejò ti ń jókòó dúró de àkókò wọn. Èmi ni mo ya àwòrán inú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè.

Ikú àbúrò mi ló gbé mi dé ilé ìtọ́jú náà. N kò sunkún lọ́jọ́ tó kú, n kò sunkún lọ́jọ́ tí a sin ín, oorun ló kàn dá lójú mi. Dókítà ní kí n lọ gbìyànjú ìtọ́jú ọkàn nípasẹ̀ iṣẹ́ ọnà. Mo rẹ́rìn-ín, torí bí mo bá ya ẹṣin, ewúrẹ́ ni yóò jọ. Àṣé kò kan mímọ̀ ọ́n yà. Ní 2016, àwọn olùwádìí Yunifásítì Drexel ní Amẹ́ríkà ní kí àgbàlagbà 39 jókòó ti iṣẹ́ ọnà fún ìṣẹ́jú 45. Nígbà tí wọ́n yẹ itọ́ wọn wò, cortisol, èròjà tó máa ń pọ̀ lára nígbà ìdààmú, ti dínkù lára nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn, àtẹni tó ti ń yàwòrán tẹ́lẹ̀ àtẹni tí kò yà rí.

Obìnrin tó ń tọ́jú mi mọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ti sọ ìyẹn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló ti ṣàlàyé pé tèmi ni ohunkóhun tí mo bá yà, inú kọ́bọ́ọ̀dù alágádágodo ni yóò máa wà títí ìtọ́jú yóò fi parí, àti pé bí ọ̀rọ̀ tí mo bá sọ kò ṣe gbọdọ̀ jáde níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àwòrán. Mo gbẹ́kẹ̀ lé ìyẹn, mo fi èédú ya yàrá tí àbúrò mi kú sí: bẹ́ẹ̀dì, aṣọ ìbora, bàtà rẹ̀ méjèèjì nísàlẹ̀. Orí bàtà yẹn ni ẹkún ti bọ́.

Bàtà yẹn náà ni ọkùnrin méjì ń wò nígbà tí mo wọlé.

"Ẹ káàárọ̀, mà," ni ọmọbìnrin tó ń gbàlejò wí, ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀.

"Ta ló gbé èyí síbí?"

"Ó dára, àbí, mà? Gbogbo ẹni tó wọlé ló ń yìn ín."

"Mo ní ta ló gbé e síbí?"

"Ọ̀gá ni, mà. Ṣùgbọ́n a ò kọ orúkọ yín sí i o."

Àfi bíi pé orúkọ ló ń dùn mí. Ẹnikẹ́ni nínú ẹbí wa tó bá wọlé yóò mọ yàrá yẹn kó tó jókòó.

Ọ̀gá jáde. "Mọ́mì, ẹ fara balẹ̀." (Irun orí rẹ̀ funfun ju tèmi lọ.) Ó nawọ́ sí ìwé ìtàn kan lára ògiri, nípa Adrian Hill, ayàwòrán ará Gẹ̀ẹ́sì tí ikọ́ ife dá dùbúlẹ̀, tó sì fún iṣẹ́ yìí lórúkọ ní 1942. Ó ní ṣebí Hill náà wà lára àwọn tó ń kó àwòrán lọ sí ilé ìwòsàn kí ara lè tu àwọn aláìsàn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àdàkọ iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ni wọ́n ń yá wọn, wọn kì í fi ọ̀fọ̀ aláìsàn kan tu òmíràn nínú. Ó ní mo fọwọ́ sí ìwé. Mo ní kó gbé ìwé wá. Ó gbé e wá, ó kà á, ó tún un kà sókè: wọ́n lè ya fọ́tò iṣẹ́ mi "sínú fáìlì ìtọ́jú". Ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ bó ṣe ń sún mọ́ fáìlì. Ó wá ní òun yóò fún mi ní ìjókòó ìtọ́jú kan lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ní kó gbé àwòrán mi sọ̀ kalẹ̀. Ó ní ẹni tó kàn án mọ́ ògiri kò sí nítòsí. Mo fa àga, mo gun orí rẹ̀, mo yọ ọ́ fúnra mi, tòun ti férémù. Títí dòní ni wọ́n ń béèrè férémù wọn. Ọmọbìnrin yẹn bá mi di àga mú o, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ti ń lọ sílé nígbà tí olùtọ́jú mi jáde. Mo rò pé yóò gbèjà ilé iṣẹ́. Ohun tó sọ ni: "A ṣẹ̀ yín. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà, mo sì jẹ́ kó kúrò lọ́wọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́." Kò fi "ṣùgbọ́n" kún un. Ó béèrè bóyá mo fẹ́ wọlé ni tàbí mo fẹ́ máa lọ. Mo wọlé.

Kò gbé èédú fún mi lọ́jọ́ náà. Ó kó pẹ́ńsù náà kúrò nílẹ̀, ó gbé amọ̀ kalẹ̀, òkìtì ńlá. Ó ti sọ fún mi rí pé ohun èlò kọ̀ọ̀kan ló níbi tó ń mú ènìyàn lọ: pẹ́ńsù máa ń gbọ́ràn sí ọwọ́ lẹ́nu, ọ̀dà olómi máa ń ṣàn síbi tó wù ú, amọ̀ ní tirẹ̀ máa ń bá ọwọ́ jà. Mo gbá a, mo fà á ya, mo tún un pò, mo là á mọ́ tábìlì. Kò bi mí pé kí ni mò ń mọ. Ìgbà tí apá ń ro mí ni mo gbọ́ tí ẹnu ara mi ń sọ pé, "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi pé ara rẹ ò yá?" Kì í ṣe ọ̀gá ilé iṣẹ́ ni mo ń bá wí. Àbúrò mi fi àìsàn rẹ̀ pamọ́ fún mi títí tó fi kọjá àtúnṣe, inú sì ti ń bí mi sí i látìgbà náà.

Mo sùn lóru ọjọ́ náà. Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún mi pé ibi tí wọ́n ṣe ló di ire o. Amọ̀ ti wà nínú yàrá yẹn látìbẹ̀rẹ̀. Kò dìgbà tí wọ́n bá fi mí ṣe ìran kí n tó fọwọ́ kàn án.

Nígbà tí olùtọ́jú mi lọ ìsinmi, ẹni tó dúró fún un wo iṣẹ́ mi, ó ní dúdú inú rẹ̀ fi hàn pé mo ti sọ̀rètí nù. Èédú ni. Àwọ̀ wo ni kó tún ní? Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí kì í túmọ̀ àwòrán fún ẹni tó yà á, ìbéèrè ló máa ń bi í. Ìlẹ̀kùn yàrá kì í sì í padé dáadáa. Ṣùgbọ́n tèmi ò tíì sọ rí pé kí n jáwọ́ nínú oògùn dókítà, ó ní ìtọ́jú yìí kò gba ipò rẹ̀. Ó sì ti gba kọ́bọ́ọ̀dù tuntun, kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo, ọrùn rẹ̀ ló ń fi í kọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ ní kí wọ́n fi ibi tí wọn yóò máa kó iṣẹ́ yín sí hàn yín kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Mo ti sanwó oṣù tó ń bọ̀.