Kámẹ́rà oní-sólà tí mo gbé kọ́ sílé kí n tó lọ Ìjẹ̀bú: ẹ wá gbọ́ tẹnu mi

Sunday, ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ọdún 2025, Ojúde Ọba, Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn ẹlẹ́ṣin ìdílé Balógun kan ń kọjá lọ́wọ́, ìbọn sakabùlà ń dún lákọlákọ, èmi náà wà nínú aṣọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa, ìyẹn ẹgbẹ́ àwa tá a jọ jẹ́ ọjọ́-orí kan náà, mo ń làágùn bí ẹni tó ń gúnyán. Fóònù gbọ̀n lápò mi. Mo yọ ọ́ wò: "Èèyàn wà ní ẹ̀yìnkùlé."

Àkóbọ̀, n'Íbàdàn, nilé wa wà. Láti Thursday la ti gba ọ̀nà Ìdí-Ayùnrẹ́ àti Mámù bọ̀ wá ṣọdún Iléyá, tìyàwó tọmọ. A ò fi ẹnikẹ́ni sílé.

N ò ní máa ròyìn bí àwòrán kámẹ́rà yìí ṣe mọ́ tó. Ara páálí ni wọ́n kọ ìyẹn sí, ẹ kà á níbẹ̀. Méjì ni mo rà, ọ̀kan dojú kọ géètì, èkejì wà ní ẹ̀yìnkùlé, ₦190,000 pẹ̀lú owó iṣẹ́. Sólà ló ń gba agbára sí bátìrì, síìmù ló ń lò, kò bá NEPA dá nǹkan kan pọ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Mo fọwọ́ kan ápù. Ó ń yí. Gbogbo èèyàn tó wà lórí pápá ló ń ya fídíò ẹṣin lẹ́ẹ̀kan náà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dákú. Ó yí, ó yí, ó wá gbé àwòrán kan ṣoṣo jáde tí kò mira: ọkùnrin kan lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé jẹnẹrétọ̀, ó kẹ̀yìn sí mi, ó dé fìlà pupa, àpò iṣẹ́ wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo rí ẹnu páláyà tó yọ síta nínú àpò náà. Àyà mi já.

Àwọn tó tà á fún mi ni mo kọ́kọ́ pè, torí ẹnu ara wọn ni wọ́n fi sọ pé tọ̀sán-tòru làwọn ń gbé fóònù. Ìpè kìíní, orin. Ìpè kejì, orin. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ọmọbìnrin kan gbé e.

"Ẹ káàsán sà, ẹ kú ọdún sà."

"Olè wà nílé mi!"

"Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pa ápù yẹn, kẹ́ ẹ tún un ṣí."

"Àǹtí, mo ní olè wà nílé mi, báyìí-báyìí!"

"Ó yé mi sà. Ṣé búlúù ni iná ara kámẹ́rà yẹn ń tàn, àbí pupa?"

Ẹ gbà mí o. Èmi tí mo wà n'Íjẹ̀bú, ojú wo ni mo fẹ́ fi rí iná ara kámẹ́rà l'Ákóbọ̀? Mo jágbe mọ́ ọn débi pé àwọn ẹgbẹ́ tó wà níwájú wa yíjú padà. Ohùn ọmọ náà ò yí padà rárá. Ó ní òun máa gbé fóònù fún ọ̀gá òun. Ọ̀gá yìí ló sọ ohun tó yẹ kí wọ́n ti sọ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e kọ́: àmì gbohùngbohùn kan wà nísàlẹ̀ ápù, tí mo bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ohun tí mo bá sọ á dún lára kámẹ́rà nílé.

Mo sáré kúrò nínú èrò, mo fara pamọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ kan, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. "Olè! Olórí burúkú! Fijilanté ti dé ẹ̀yìn ẹ o!"

Ọkùnrin náà ta gìrì, ó forí gbá páìpù, fìlà pupa jábọ́. Ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, ó wá gbójú sókè sí kámẹ́rà, ló bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kọnkéré.

"Dádì! Èmi ni o! Èmi tí mo wá gbé e kọ́ fún yín!"

Òun ni lóòótọ́. Oníṣẹ́ wọn ni.

Ó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì ọdún ni mo ti fẹjọ́ sùn pé kámẹ́rà ẹ̀yìnkùlé kò jẹ́ kí n sinmi. Ooru tó bá ń rìn ló máa ń fi mọ èèyàn. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí oòrùn ti pa, tí afẹ́fẹ́ wá ń fì, èèyàn ni lójú tirẹ̀. Adìyẹ Alhaja iwájú ilé wa, èèyàn ni. Ó pè mí nígbà 47 lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Wọ́n ní àwọn á rán ẹnì kan wá yí ojú rẹ̀ padà, wọn ò rẹ́ni rán títí a fi gbéra. Sunday ọdún ni wọ́n wá rántí. Téèsì tí wọ́n fi sọ fún wa, nọ́ńbà ìyàwó mi ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí, ìyàwó mi kò sì ka téèsì mọ́ látìgbà tí WhatsApp ti dé. Ọmọbìnrin tó ń bi mí léèrè iná búlúù, ọ́fíìsì tó rán ọmọkùnrin yìí níṣẹ́ ló jókòó sí o!

Mo ti ń to èébú jọ. Mo fẹ́ fi kún un pé dátà 5GB tí wọ́n ní ó máa tó oṣù kan, ọjọ́ kejìlá ló tán, torí gbogbo ìgbà tí adìyẹ bá kọjá ni fídíò ń lọ. Mo fẹ́ sọ pé òjò ọjọ́ méjì péré ló fa bátìrì wálẹ̀ sí 34%. Àmọ́ mo kọ́kọ́ bi í pé, ìwọ ọmọ yìí, ibo lo gbà wọlé?

"Ẹnu ọ̀nà kékeré ló ṣí sílẹ̀ sà. Àgádágodo kàn kọ́ síbẹ̀ ni, ẹ ò tì í."

Mo dákẹ́.

Láti Thursday. Géètì ńlá ni kámẹ́rà iwájú ń wò, ẹnu ọ̀nà kékeré wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an níbi tójú rẹ̀ ò dé. Ìyàwó mi ní èmi ni mo jáde kẹ́yìn, torí èmi ni mo padà lọ gbé omi. Mo ní Fawaz ọmọ wa ni. Fawaz, ní tirẹ̀, ti ya gbogbo ẹrù wa sórí status láàárọ̀ Thursday, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀.

Ọmọkùnrin yìí kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ti àgádágodo náà pa látìta, ó fà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ya fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ó yá àkàbà lọ́wọ́ Alhaja, ó yí kámẹ́rà iwájú padà kó lè máa wo ẹnu ọ̀nà kékeré, ó ń bi mí bó ṣe rí ní gbogbo ìgbà: "Ṣé ó ti hàn sà? Ẹ wò ó báyìí sà." Ó lé ní wákàtí kan tó fi wà níbẹ̀, kò gba kọ́bọ̀. Nígbà tí mo ní kó mú nọ́ńbà báńkì rẹ̀ wá, ó ní kí n kúkú fi ra káàdì fún òun.

Ẹ̀gbọ́n mi tó gbọ́ ìtàn náà níbi tá a ti ń jẹ ìkọ́kọrẹ́ lálẹ́ rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní lóko bàbá wa, àkísà àti ìkarahun ìgbín ni wọ́n fi ń pààlè sára ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀, olè á sì rí i, á yà bàrá. Èmi wá san ₦190,000 kí ẹ̀rọ lè sọ fún mi pé ilẹ̀kùn mi ṣí. Mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ yẹn ò tiẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Ọ̀kan jẹ́ ti onífìlà pupa, ọ̀kan jẹ́ ti ọmọbìnrin tí mo jágbe mọ́ tí kò fún mi lésì búburú. Géètì ńlá ò ní ẹni tó ń wò ó mọ́ báyìí, nítorí náà mo ti sanwó kámẹ́rà kẹta. Thursday ni wọ́n ń bọ̀ wá gbé e kọ́. Nọ́ńbà tèmi ni mo kọ sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.