Thoth àbí Sola Busca: èwo ni kí ẹ fowó rà?

Ẹ̀yin tí ẹ ti lo Rider-Waite, tarot (káàdì aláwòrán tí a fi ń woṣẹ́) tó wọ́pọ̀ jù, títí etí rẹ̀ fi ń bó, ọ̀kún o. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù ní Kabba níbí ni pé, bí èèyàn bá fẹ́ ra tarot tí kò wọ́pọ̀, ṣé Thoth ni àbí Sola Busca? Káàdì 78 ni méjèèjì. Ìjọra wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tán síbẹ̀.

Aleister Crowley ló gbèrò Thoth, Frieda Harris ló yà á, láàárín 1938 sí 1943. Àwọn méjèèjì ti kú kí káàdì náà tó jáde ní 1969. Ẹni tí Rider-Waite bá ti mọ́ lára ló máa ṣìnà jù: kò sí Ọba, Knight (jagunjagun) orí ẹṣin ló gba ipò rẹ̀. Káàdì Strength (Agbára) ti di Lust (Ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́), ó kúrò ní 8 bọ́ sí 11. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sára àwọn káàdì kéékèèké (àwọn tó wà ní ọ̀wọ́ bí Idà àti Wands, ìyẹn Ọ̀pá) ló dá wàhálà sílẹ̀ fún mi. Mama kan yà sọ́dọ̀ mi bí wọ́n ṣe ń ti ọjà bọ̀. Mo ṣí Idà 10 sórí ẹní, kí n tó la ẹnu, wọ́n ti ka "Ruin" (ìparun). Mo ní, "Mama, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé." Wọ́n ti gbé báàgì, wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà.

Sola Busca kì í ṣáájú ẹni sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Láti ìparí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún ló ti wà, òun ni tarot tó pé 78 tó dàgbà jù tó ṣì kù láyé. Ojúlówó rẹ̀ wà ní Pinacoteca di Brera ní Milan, àtúntẹ̀ làwa ń rà. Ẹ má wá Emperor tàbí Lovers ti Rider-Waite níbẹ̀, orúkọ àwọn èèyàn ayé àtijọ́ ló wà lára káàdì ńlá (àwọn tí kò sí ní ọ̀wọ́ kankan): Nerone, Catone, Metelo. Mo ní láti lọ ka ìtàn Róòmù. Àmọ́ káàdì 21, Nabuchodenasor, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ìlú wa wo ni kò mọ Nebukadinésárì? Idà 10 tiẹ̀ wá jẹ́ ọkùnrin kan tó bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ ìdì idà, bí ẹni tó ru igi ìdáná bọ̀ láti oko. Àwòrán yẹn ni Pamela Colman Smith, ẹni tó ya Rider-Waite, mú lọ sí Wands 10 tirẹ̀ ní 1909, nítorí náà ẹ ṣọ́ra kí ẹ má baà kà á sódì.

Èmi? Thoth ni mo fi ń wo ti ara mi lálẹ́, Sola Busca ni mo ń tẹ́ fún àlejò.

Ayédèrú Thoth pọ̀ lọ́jà. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà, ẹni tó tà á búra pé ojúlówó ni. Nígbà tí ọkọ̀ gbé e dé, káàdì náà fẹ́lẹ́ bí ìwé ìléwọ́, kò ní ìwé àlàyé, àgbélébùú olódòdó ẹ̀yìn rẹ̀ sì wọ́ sí apá kan. Ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò ẹ̀yìn káàdì ránṣẹ́ kí ẹ tó sanwó. Ní ti Sola Busca, ẹ bèèrè bóyá aláwọ̀ ni, torí àwọn kan wà tó jẹ́ dúdú àti funfun lásán.

Ẹnìkan tiẹ̀ ní kí n fi aṣọ pupa Bùnú wé káàdì mi. Aṣọ ìsìnkú àgbà nìyẹn, ẹ gbà mí! Àǹkárá ni mo fi rán àpò tèmi.