Ìkìlọ̀: ẹ má ra “táyà Robert” lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí kò bá fi nọ́ńbà ara táyà náà hàn yín

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn fíìmù Rubber bíi tèmi, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Ọkùnrin kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ta táyà, tó ń sọ pé èyí gan-an ni táyà apànìyàn inú fíìmù náà. Irọ́ ni. Irọ́ funfun báláú ni. Ó ti ta ọ̀kan fún mi. Ó gba owó mi, ó fi ìwé ẹ̀rí olóǹtẹ̀ pupa ránṣẹ́ sí mi, táyà tó sì dé ọwọ́ mi, wọn kò tíì ṣe é rárá nígbà tí wọ́n ya fíìmù yẹn. Ẹ tún un kà. Wọ́n ti ya fíìmù tán, ayé ti wò ó, ọdún mẹ́rin ti gorí rẹ̀, kí táyà yìí tó jáde nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é.

Ẹni tí kò bá mọ fíìmù náà lè má lóye ìdí tí inú mi fi ń ru tó bẹ́ẹ̀. Quentin Dupieux, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló darí rẹ̀, àjọ̀dún fíìmù Cannes ní ilẹ̀ Faransé ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ fi í hàn lọ́dún 2010. Táyà kan tó ń jẹ́ Robert jí dìde nínú iyanrìn aṣálẹ̀ California. Ó ń ta gọ́ọ̀gọ́ọ́, ó ń ṣubú, ó tún ń dìde, títí tó fi mọ bí wọ́n ṣe ń yí. Ó tẹ ike omi pẹlẹbẹ. Ó tẹ àkekèé pa. Nígbà tó kan ìgò tí kò lè tẹ̀ fọ́, ó dúró tìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ìgò náà sì fọ́ yángá láìfọwọ́kàn án. Látibẹ̀ ló ti bọ́ sórí ehoro, kó tó wá kan orí àwọn ènìyàn. Kò sí ìdí kankan. Ọ̀gá ọlọ́pàá kan ti jáde látinú búùtù ọkọ̀ níbẹ̀rẹ̀ fíìmù, ó ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé ọ̀pọ̀ nǹkan nínú sinimá ló ń ṣẹlẹ̀ láìnídìí, ó sì da omi inú ife ọwọ́ rẹ̀ nù sílẹ̀. Mo fẹ́ràn fíìmù yìí tọkàntọkàn. Ó máa ń dẹ́rù bà mí, ó sì máa ń pa mí lẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà, n kò mọ fíìmù mìíràn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi. Ẹni tó bá fẹ́ bi mí pé kí ni àgbàlagbà fẹ́ fi táyà fíìmù ṣe, kó bi àwọn tó ń ra bùbá tí agbábọ́ọ̀lù ti làágùn sí ná.

Báyìí ló ṣe mú mi. Ó gbé àwòrán táyà náà síta, ó tẹ́ aṣọ funfun sábẹ́ rẹ̀, ó tan iná sí i láti ẹ̀gbẹ́ kí òjìji rẹ̀ lè gùn. Eruku aṣálẹ̀ bò ó. Ó dára lójú, n kò ní purọ́. Mo kọ̀wé sí i. Ó dáhùn kíákíá, ó ń pè mí ní ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rẹ́ mi, ó ní inú òun dùn pé ẹni tó mọyì iṣẹ́ ọnà ló fẹ́ rà á, nítorí pé àwọn kan tí kò mọ nǹkan kan ti ń dá owó lé e. Ó ní táyà yìí ló ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù títí dé ìparí. Ó ní ẹnì kan tó bá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló gbé e pamọ́ nígbà tí gbogbo ènìyàn ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Mo bi í pé ta ni ẹni náà. Ó ní ẹni yẹn kò fẹ́ kí wọ́n dárúkọ òun. Mo gbà bẹ́ẹ̀! Mo jókòó, mo ka ọ̀rọ̀ yẹn, mo sì gbà bẹ́ẹ̀!

Ó tún ń sọ ìtàn fún mi nípa kámẹ́rà ńláńlá tí wọ́n gbé lọ sí aṣálẹ̀, bí ọkùnrin mẹ́rin ṣe ń ru ọ̀kan. Canon EOS 5D Mark II ni wọ́n fi ya Rubber, kámẹ́rà tí àwọn ayàwòrán máa ń so mọ́ ọrùn lásán. Gbogbo ẹni tó mọ nǹkan nípa fíìmù náà ló mọ èyí. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Mo rò pé bóyá ẹni tó sọ fún un ló ṣì í sọ. Kí ni kí n ti rò? Ẹni tó ń fi sùúrù bá ènìyàn sọ̀rọ̀, tó ń fèsì sí gbogbo ìbéèrè lóru, ta ni yóò kọ́kọ́ pè é lólè?

Owó wá kù. Ó ní kí n má san án gẹ́gẹ́ bí owó ọjà, pé àwọn tó ń gba owó láàárín yóò gé e. Ó ní kí n fi ránṣẹ́ bí ẹni tó ń fún ẹbí rẹ̀ lẹ́bùn. Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ má sọ ọ́. Mo ti sọ ọ́ fún ara mi lójoojúmọ́ láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n kí n bi yín, ṣé èmi tí mo san owó ni mo jalè, àbí ẹni tó gbà á? Ó dà bíi pé gbogbo ènìyàn tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ló fẹ́ kọ́kọ́ bá mi wí kí wọ́n tó bá a wí.

Ó dé nínú páálí ńlá. Mo tú u, òórùn rọ́bà tuntun ló kọlù mí nímú. Mo ní bóyá báyìí ni táyà tó ti pẹ́ nínú páálí ṣe ń rùn. Mo fọwọ́ kan eruku aṣálẹ̀ ara rẹ̀. Kò gbọ̀n dànù. Mo fi èékánná họ ọ́, ó ṣí bí èèpá. Gọ́ọ̀mù ni! Ó fi gọ́ọ̀mù lẹ iyanrìn mọ́ táyà lára! Ó jókòó síbì kan, ó fi búrọ́ọ̀ṣì kun gọ́ọ̀mù, ó sì ń bu iyanrìn wọ́n ọn, ó mọ̀ pé ẹnì kan yóò san owó lé e. Gbogbo ìgbà tí mo bá rántí búrọ́ọ̀ṣì yẹn ni orí mi ń gbóná. Mo fọ apá kan, abẹ́ rẹ̀ ń dán. Nínú àwọn ojú ihò tó wà láàárín ibi tó ń tẹ ilẹ̀, mo rí àwọn irun rọ́bà wẹ́wẹ́ tó máa ń wà lára táyà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú móòdù. Ó ti fá àwọn ti òkè, kò ráyè fá ti inú. Táyà tó yí káàkiri aṣálẹ̀, tó tẹ àkekèé, tó lé ọmọbìnrin kan dé mòtẹ́ẹ̀lì, irun ìbí rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀!

Mo wá yí i padà, mo wo ẹ̀gbẹ́ kejì. Ibí yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ kà, nítorí pé òun ló lè gbà yín. Táyà tí wọ́n bá ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà máa ń ní lẹ́tà DOT (orúkọ ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìrìnnà, ní ìkékúrú) lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà mìíràn tó tẹ̀ lé e. Láti ọdún 2000, nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe táyà náà: méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn jẹ́ ọdún. Tèmi kà 2314. Ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2010 ni wọ́n ti fi fíìmù náà han àwọn ènìyàn ní Cannes! Mo jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú táyà yìí nítan mi, mo ń ka nọ́ńbà mẹ́rin yẹn lẹ́yìn ara wọn bí ẹni tó ń kọ́ ìwé kíkà.

Ẹ gbọ́ èyí tó burú jù. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni nọ́ńbà ọjọ́ yẹn sábà máa ń wà. Ẹ̀gbẹ́ kejì lè ní DOT láìní nọ́ńbà mẹ́rin náà. Nígbà tí mo padà lọ wo gbogbo àwòrán tó fi ránṣẹ́ sí mi, ẹ̀gbẹ́ tí kò ní nọ́ńbà ló yà ní gbogbo rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ pátá. Kò ṣèèṣì. Ó mọ ohun tó ń fi pamọ́.

Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ńkọ́? Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti ya fíìmù náà. Aṣálẹ̀ wo ló wà ní ilẹ̀ Faransé? Òǹtẹ̀ pupa náà kò ní orúkọ ilé iṣẹ́ kankan nínú, ìràwọ̀ àti àwòrán rọ́ọ̀lù fíìmù ló wà níbẹ̀.

Ẹni tí kò bá tíì wo fíìmù náà, kó fo ìpínrọ̀ yìí, nítorí pé n óò sọ ìparí rẹ̀. Wọ́n yìnbọn fún Robert. Ọ̀gá ọlọ́pàá wọlé, ó fọ́ táyà náà yángayànga, ó sì kó èyí tó kù lára rẹ̀ jáde. Ohun tó jáde tẹ̀ lé e látinú ilé yẹn kì í ṣe táyà mọ́, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ọmọdé ni. Táyà “tó ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ìparí” dà? Tèmi kò ní ojú ọta kan. Kò ní àpá kankan. Mo bi í. Ó ní wọ́n ti lẹ̀ ẹ́. Mo ní níbo? Ó ní táyà mìíràn ni wọ́n yìnbọn fún. Mo ní kí ló dé tó fi sọ pé ọ̀kan ṣoṣo yìí ni? Ó ní mò ń bú òun, pé òun kò tíì rí oníbàárà aláìmoore bíi tèmi rí. Aláìmoore! Lẹ́yìn náà ló bùlọ́ọ̀kì mi. Báǹkì ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ẹ̀bùn ni mo pè é, ẹ̀bùn náà ni àwọn yóò kà á sí.

Mo ti ronú lórí ìdí tó fi jẹ́ irú fíìmù yìí ni àwọn oníjìbìtì ń lò. Bí ó bá jẹ́ ìbòjú iwin tàbí ọwọ́ ẹ̀mí àìrí, ẹnì kan ló gbẹ́ ẹ, ó ní ọwọ́ tirẹ̀, àwọn tó mọ iṣẹ́ lè wò ó kí wọ́n dá a mọ̀. Ṣùgbọ́n nínú fíìmù tí nǹkan ojoojúmọ́ ti ń pànìyàn, apànìyàn náà kò yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú ilé gbogbo wa. Bẹ́ẹ̀dì tó ń jẹ ènìyàn, bẹ́ẹ̀dì ni. Sòkòtò jíǹsì tó ń gé ènìyàn sí méjì, sòkòtò ni, ẹ ó rí irú rẹ̀ rà. Ohun tó mú kí fíìmù náà dẹ́rù bani ló mú kí jìbìtì rẹ̀ rọrùn. Oníjìbìtì kò ní láti gbẹ́ nǹkan kan. Ó kàn ní láti purọ́. Nítorí náà n kò gba ọ̀kan nínú wọn gbọ́ mọ́, àwọn oníbẹ́ẹ̀dì, àwọn onísòkòtò, àwọn tó ń ta àga apànìyàn. Bóyá olóòótọ́ wà láàárín wọn. Kó fi ìwé rẹ̀ hàn.

Kí n yára sọ èyí tó kù. Ẹ béèrè àwòrán ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí òǹtajà kọ orúkọ yín àti déètì ọjọ́ yẹn sórí bébà, kí ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà nínú àwòrán kan náà. Bí ọdún tí nọ́ńbà méjì ìkẹyìn ń sọ bá ti kọjá 2010, ẹ sá. Èyí tí kò bá kọjá rẹ̀ náà kò tíì jẹ́ ẹ̀rí, táyà àtijọ́ pọ̀ láyé. Ẹ dá fíìmù dúró síbi tí ojú táyà náà ti hàn kedere, kí ẹ fi àpá àti ibi tó ti jẹ wé ara wọn. Ìwé ẹ̀rí tí òǹtajà fúnra rẹ̀ tẹ̀ kò jẹ́ nǹkan kan. Ẹ béèrè ẹni tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ àti ìwé tó fi kúrò lọ́wọ́ àwọn tó ya fíìmù. Fíìmù sábà máa ń ní ju ẹ̀dà kan lọ fún ohun tó ṣe pàtàkì, ẹni tó bá ń sọ fún yín pé ọ̀kan ṣoṣo ni, ẹ bi í léèrè dáadáa. Ẹ fi káàdì sanwó, ẹ má fi ránṣẹ́ bí ẹ̀bùn, láéláé. Ẹ tọ́jú gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ kó tó pa á rẹ́.

Ó sì ti tún gbé nǹkan mìíràn síta báyìí. Ẹnì kan fi ìpolówó náà hàn mí, nítorí pé èmi kò lè rí i mọ́. Aṣọ funfun kan náà, iná kan náà láti ẹ̀gbẹ́, eruku kan náà. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni, ó ní òun ló jáde ní ìparí Rubber. Ẹ má rà á. Bí ẹ bá ti bá a dúnàádúrà tẹ́lẹ̀ tí owó kò tíì kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ sọ fún un kó fi omi fọ ẹsẹ̀ iwájú kẹ̀kẹ́ náà níwájú kámẹ́rà.